Bẹ́ẹ̀dì Mẹ́fà, Bẹ́líìtì Mẹ́rin

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ wá gbọ́ bí obìnrin kan ṣe fẹnu gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ewu ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìyá Ìbejì ń ta ata, ẹ̀fọ́ àti ẹja gbígbẹ ní Peckham, ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì alẹ́. Ìbejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, Ìdòwú ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan. Bí bàbá bá ti ibi iṣẹ́ dé, àwọn ọmọ ń sùn. Bí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, òun náà ti ń múra àtijáde. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, wọ́n lọ najú létí òkun. Òtẹ́ẹ̀lì ní ènìyàn márùn-ún ò lè gba inú yàrá kan. Ni bàbá bá sùn lọ́tọ̀, ìyá sùn lọ́tọ̀, wọ́n sì san owó yàrá méjì.

Ọjọ́ náà ni Bàbá Ìbejì búra pé mọ́tọ̀ onílé ni òun máa rà: mọ́tọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, omi àti ilé ìtọ̀ nínú, tí ènìyàn á wà lọ, tí á sì sùn sínú rẹ̀. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ilẹ̀ sí Ìkòròdú ni wọ́n kó jọ, 18,000 pọ́n-ùn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n dé ọ̀dọ̀ òyìnbó kan tó ń tà á. Ẹnu ọkùnrin náà dùn bí oyin. “Ènìyàn mẹ́fà ló ń sùn nínú eléyìí!” Kí ó tó wí bẹ́ẹ̀ tán, àwọn ìbejì ti gun bẹ́ẹ̀dì òkè, wọ́n ń pariwo. Inú Bàbá Ìbejì dùn, ó ti fẹ́ sanwó.

Ìyá Ìbejì ò sọ̀rọ̀. Bí ó ṣe ń ka iṣu lọ́jà ló ń ka bẹ́líìtì: méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Ó parí síbẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, márùn-ún ni wá. Níbo ni ẹnì karùn-ún máa jókòó sí?”

Òyìnbó nàka sí àga gbọọrọ kan tó kọ ẹ̀gbẹ́ síwájú mọ́tọ̀, tí kò ní bẹ́líìtì kankan.

Bàbá Ìbejì ní, “Ìyá Ìbejì, ṣebí ọmọ ọwọ́ ni Ìdòwú. Ẹ gbé e lẹ́sẹ̀, kí ló dé?”

“Ẹsẹ̀ kẹ̀? Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti gbàgbé àpá iwájú orí àbúrò mi ni?”

Ọkọ rẹ̀ dákẹ́. Ó mọ ìtàn náà. Ọdún 1994 ni, inú dáńfó, lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ìyá wọn gbé ọmọ náà lẹ́sẹ̀, ó sì dì í mú dáadáa. Dírẹ́bà tẹ bíréèkì lójijì, ọmọ fò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fi orí gbá irin. Kì í ṣe pé ìyá ò fẹ́ràn ọmọ o. Agbára ọwọ́ ènìyàn ò tó eré mọ́tọ̀ ni.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá wí pé ọmọdé gbọ́dọ̀ lo àga ọmọ títí yóò fi pé ọdún 12, tàbí tí yóò fi ga tó 135 sẹ̀ǹtímítà. Wọn kì í sì í de àga ọmọ mọ́ àga tó kọ ẹ̀gbẹ́ síwájú. Ti bẹ́ẹ̀dì òkè náà ńkọ́? Wọ́n máa ń kìlọ̀ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà ò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà tí òyìnbó ń pariwo, mélòó ló wúlò fún wọn?

Ìgbà yìí ni ojú Bàbá Ìbejì wá là. Òun náà béèrè ìwé mọ́tọ̀. Gbogbo ẹrù àti mọ́tọ̀ ò gbọdọ̀ ju 3,500 kílò. Láìtíì di ẹrù, tòun ti awakọ̀, ó ti wọn 3,190. Ó ku 310. Ìyá àti ọmọ mẹ́ta jẹ́ 115. Omi lítà kan, kílò kan ni. Táńkì omi gba 100. Ó ku 95 péré fún àga ọmọ mẹ́ta, aṣọ, ìkòkò, gáàrì àti kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ! Wọn ò sì lè ra èyí tó gba ẹrù jù bẹ́ẹ̀, torí ọdún 2012 ni bàbá gba láísẹ́ǹsì. Ẹni tó bá gba ti ọkọ̀ kékeré láti ọdún 1997, 3,500 kílò ni mọ́tọ̀ onílé tó ń lo díṣẹ́ẹ̀lì ò gbọdọ̀ kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, àfi tó bá tún ìdánwò mìíràn ṣe.

“Ẹlòmíràn máa rà á lọ́la o,” òyìnbó wí.

“Ẹ tà á fún un,” Ìyá Ìbejì dáhùn.

Àwọn ìbejì sunkún délé. Bàbá Ìbejì alára fajú ro fún ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù karùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n rí òmíràn, ó fi 2,500 pọ́n-ùn wọ́n ju ti àkọ́kọ́. Ó ti gbó, kọ́tìnnì rẹ̀ ti ya. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì rẹ̀ pé márùn-ún, gbogbo àga rẹ̀ kọjú síwájú, àyè ẹrù rẹ̀ sì tó. Ìyá Ìbejì rán kọ́tìnnì fúnra rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ so aago tó ń dún bí èéfín gáàsì tí kò lóòórùn bá kún inú ilé, torí èéfín yẹn ń pa ènìyàn lójú oorun.

Wọn ò tíì ra ilẹ̀ Ìkòròdú o. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, àwọn márààrún sùn sábẹ́ òrùlé kan, àwọn ìbejì sì jí bá bàbá wọn nílé.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun, ẹ bá wa sọ fún wọn: kí wọ́n ka bẹ́líìtì kí wọ́n tó ka bẹ́ẹ̀dì.