Ọfọ̀ Tó Ń Gbé Èèyàn Délé

Ẹ̀yin ará wa tó wà lẹ́yìn odi, láti Jos dé Kano, láti Abuja dé Port Harcourt. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ géèmù ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan lórí pèéjì yìí máa ní kí ni bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta ń wá nídìí géèmù. Ẹ ṣáà fara balẹ̀ kà á dé ìparí. Ọ̀rọ̀ ilé wà nínú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ń gbá Skyrim lórí láptọ́ọ̀pù, mo sì jókòó tì í. Ó wọ inú ibojì àtijọ́ kan, iná ń jáde ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi ń sun àwọn òkú tó jí dìde. Ó dùn ún wò, n ò ní purọ́. Nígbà tó yá, àwọn òkú náà pọ̀ jù fún un. Mo pariwo pé, "Ka Recall, kí o máa lọ sílé!" Ó wojú mi, ó ní, "Dádì, kí ló ń jẹ́ Recall?"

Kí n tó dáhùn, wọ́n ti pa á. Nínú géèmù ni o.

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. The Elder Scrolls ni orúkọ ọ̀wọ́ géèmù yìí, ilé iṣẹ́ Bethesda ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe é. Arena ló kọ́kọ́ jáde ní 1994, Daggerfall tẹ̀ lé e ní 1996, Morrowind dé ní 2002, Oblivion ní 2006, Skyrim ní 2011. Bí géèmù yìí ṣe ń lẹ́wà sí i lójú ni idán inú rẹ̀ ń dín kù. Nínú Arena, ọfọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Passwall. Bí ògiri bá dí ọ lọ́nà lábẹ́ ilẹ̀, ńṣe lo máa fi ọfọ̀ pa ògiri náà rẹ́, wàá sì kọjá. Láti Daggerfall ni èyí ò ti sí mọ́.

Morrowind ni èmi bá pàdé. January 2010 ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jos nígbà yẹn, mi ò ní láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín. Kónílé-ó-gbélé tọ̀sán-tòru ni ìjọba kéde. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, bàbá wa àti màmá wa, inú yàrá méjì là ń yí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí kò lè gbé Oblivion, torí náà Morrowind ló wà lórí rẹ̀. Tí iná bá dé, àwa dé nìyẹn. Tí iná bá lọ, à ń gbọ́ ohun tó ń dún níta.

Ẹ wò ó, idán inú Morrowind kì í ṣe ti ọmọdé. Ẹ̀ka mẹ́fà ló ní. O lè fò sókè kí o máa rìn lójú òfúrufú. Àwọn oṣó kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Telvanni, inú olú ràgàjì ni wọ́n ń gbé, wọn ò sì ṣe àtẹ̀gùn sí i. Bí o ò bá lè fò, o ò lè rí wọn bá sọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n dá lóhùn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkùnrin kan máa já bọ́ láti ojú ọ̀run níwájú rẹ bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ìlú tí géèmù ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe ọfọ̀ tó ń gbé èèyàn fò lọ jìnnà réré, ó sì gbàgbé ti bó ṣe máa balẹ̀. Ọfọ̀ mẹ́ta tó kù ṣì wà lára òkú rẹ̀. Bí o bá mú un, tí o lò ó, tí o ò ronú, ìwọ náà á kú bó ṣe kú. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, bàbá wa sì ní kó rọra, kí wọ́n má gbọ́ ohùn wa níta.

Èyí tó wá dùn jù ni pé o lè fúnra rẹ ṣe ọfọ̀. Wàá lọ bá oníṣẹ́ idán, wàá mú ohun tí o fẹ́ kó ṣe, bó ṣe máa lágbára tó, bó ṣe máa pẹ́ tó, bóyá ara rẹ ni tàbí ara ọ̀tá, wàá san owó, wàá sì sọ ọ́ lórúkọ. Yorùbá ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń sọ gbogbo tirẹ̀ lórúkọ. Èyí tó ń mú èèyàn fò tó sì tún ń jẹ́ kó balẹ̀ pẹ̀lẹ́, "Fò-má-ṣubú" ló pè é. Èyí tó ń fi òtútù pa ọ̀tá, ó pè é ní "Ọyẹ́ Jos".

Mark àti Recall wá ńkọ́? Mark ni ọfọ̀ tí wàá fi sàmì sí ibi tí o dúró. Recall ni wàá kà tí ibi yòówù tí o bá wà bá le, kíá, o ti padà síbi àmì rẹ. Kódà bí idà bá wà lọ́rùn rẹ, o lè kà á. Àmọ́ àmì kan ṣoṣo ni o lè ní. Bí o bá fi òmíràn sí ibòmíràn, ti tẹ́lẹ̀ ti pa rẹ́ nìyẹn.

Balmora ni ẹ̀gbọ́n mi fi tirẹ̀ sí, níwájú ilé kan tó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sí. Lóru ọjọ́ kan tó sùn, mo gbá a, mo fi Mark sí ẹnu ihò kan nínú igbó, mo sì tọ́jú rẹ̀ lé tirẹ̀ lórí. Nígbà tó jí, tó ka Recall, inú igbó ló bá ara rẹ̀. Ó bínú débi pé kò bá mi sọ̀rọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bàbá wa béèrè ohun tó fa ìjà, a ṣàlàyé fún wọn. Bàbá wa, tí wọn kì í dá sí géèmù, dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ń tà á. Èmi á ra mẹ́rin."

Màmá wa bi wọ́n pé, "Ilé wo la ó wá kà á lọ?"

Bàbá ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ilé wọn níbẹ̀ ti pé ọdún méjìlá, kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀ àfi ewúrẹ́ àwọn ará àdúgbò. Màmá ní Jos ni àwọn ti bímọ, Jos ni ṣọ́ọ̀bù àwọn wà. Kò sẹ́ni tó dáhùn mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi kó lọ sí Port Harcourt. Àwọn òbí wa padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi dúró. Nígbà tí mo wá rí kọ̀ǹpútà tó lágbára rà, mo gbá Oblivion. Wọ́n ti yọ fífò kúrò. Ohun tó fà á ni pé wọ́n ya àwọn ìlú inú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbẹ́, géèmù á kọ́kọ́ dúró gbé ìlú wá kí o tó wọlé, torí náà ẹni bá fò kọjá odi kò ní bá ìlú kankan níbẹ̀. Wọ́n yọ Mark àti Recall pẹ̀lú. Ọfọ̀ ṣíṣe ṣì wà, àmọ́ o gbọ́dọ̀ wọ ẹgbẹ́ àwọn onídán, kí o rìn yí ká gba ìwé ìdúró láti ìlú dé ìlú kí wọ́n tó jẹ́ kí o wọ ilé ẹ̀kọ́ ńlá wọn. Nígbà tó fi máa di Skyrim, wọ́n ti pa ẹ̀ka kan rẹ́ pátá, ìyẹn Mysticism, wọ́n pín ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ fún àwọn ẹ̀ka yòókù. Ọfọ̀ tó ń ṣílẹ̀kùn lọ. Ọfọ̀ ṣíṣe náà lọ. Èyí tí wọ́n bá ti ṣe sílẹ̀ ni wàá rà, èyí tí gbogbo ayé ń lò.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ mi. Kò gbà rárá. Ó ní, "Dádì, ṣebí ẹ̀yin náà sọ pé ọfọ̀ yín máa ń kùnà?" Òótọ́ ni. Nínú Morrowind, o lè kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó má jẹ́, agbára idán rẹ á sì ti tán, kò sì ní padà àfi tí o bá sùn tàbí tí o bá mu oògùn. Ó ní nínú tòun, agbára ń padà fúnra rẹ̀, òun lè fi ọwọ́ méjèèjì ju iná lẹ́ẹ̀kan náà, òun sì lè fi èdè dírágónì pariwo kí òkè mì. Ó ní kí lòun fẹ́ fi Recall ṣe, nígbà tí òun lè tẹ ibi tó bá wu òun lórí máàpù, kí òun sì bá ara òun níbẹ̀?

Mo ní kó wọ inú ibojì yẹn padà. Nígbà tí àwọn òkú yí i ká, mo ní, "Ó yá, tẹ máàpù." Ó tẹ̀ ẹ́. Géèmù sọ fún un pé kò lè rìn nígbà yẹn.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà nìyẹn. Ọ̀nà tí wọ́n fi rọ́pò Recall, ìgbà tí ara bá tù ọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí o nílò rẹ̀ gan-an, á ní kí o kọ́kọ́ para ọ̀tá dà ná. Àwa tá a ti jókòó sínú ilé nígbà kónílé-ó-gbélé, tí mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ ò sì lè jáde ní gáréèjì, a mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Mo wá gbé Morrowind sórí láptọ́ọ̀pù fún un. Lọ́jọ́ kẹta ó ní owó tó lè fi ṣe ọfọ̀, òtútù lòun náà yàn. Mo ń retí kó bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ "ọyẹ́". Kò bi mí. Hausa ló fi kọ ọ́: "Sanyin Jos". Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, mo dákẹ́. Kò tíì sùn ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ rí ní Ògbómọ̀ṣọ́, òtútù ibí ló mọ̀, bó sì ṣe gbọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é ló ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ń kọ́ ọ ní orúkọ kejì náà díẹ̀díẹ̀, kó lè ní méjèèjì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, tí wọ́n bá fún yín ní Mark kan ṣoṣo lónìí, ibo lẹ máa fi sí? Port Harcourt ni, àbí Jos, àbí Ògbómọ̀ṣọ́?"

Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní, "Ibi yòówù kí n fi í sí, ìwọ ṣáà má tún fi tìẹ pa á rẹ́ lóru."

Ní 2025, wọ́n tún Oblivion ṣe, ọfọ̀ ṣíṣe sì wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, inú mi dùn sí i. Àmọ́ kò sí fífò níbẹ̀, kò sì sí Recall. Èmi ṣì ń dúró dè é.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n fún ní àmì kan ṣoṣo, ibo lẹ máa fi í sí? Ẹ kú ojúlọ́nà ilé o.