Ọtí Tí Ooru Èkó Ń Lé

Àwọn tó kọ ìwé nípa bíà pípọn nílé kò ro ti ará Ọbanikoro mọ́ ọn. Wọ́n ní kí ibi tí ọtí wà má gbóná ju ìwọ̀n 20 Celsius lọ. Ta ló ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ láàárín Ṣómólú àti Bàrígà, nínú oṣù Kẹta, tí iná bá ti lọ? Yàrá tèmi máa ń tó 30. Bí ooru bá ti mú yíìsì, ṣe ló ń jẹ ṣúgà ní ìjẹkújẹ, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, ìfófó ti gba ẹnu korobá jáde.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni pé ká dé e pa, ká gbé búlọ́ọ̀kù lé ìdérí. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe é. Ṣúgà tí yíìsì bá jẹ, nǹkan bí ìdajì ló ń di ọtí. Ìyókù ń di afẹ́fẹ́ carbon dioxide. Gíráàmù 100 ṣúgà nínú lítà kan, afẹ́fẹ́ tí yóò ti ibẹ̀ jáde lé ní lítà 20. Ẹ wá fi ti korobá ńlá rò ó. Àwọn ẹlẹ́mu ti mọ èyí tipẹ́: wọn kì í dé kẹ́ẹ̀gì ẹmu pinpin, wọ́n á fi ewé dí i lẹ́nu lásán kó lè máa mí.

Èmi kì í rọ ọtí kún korobá. Rọ́bà tó nípọn ni mo ń tì bọ inú ìdérí, tí ẹnu rẹ̀ kejì wà nínú ike omi, torí ìfófó tètè ń dí èyí tó tín-ín-rín. Ìgò kò sì gbọdọ̀ rí ọtí tó ṣì ń hó, pàápàá nílé tí ọmọdé wà.

Ṣùgbọ́n èyí tó dà sílẹ̀ kò dùn mí tó ohun tí ooru ń ṣe sí ìtọ́wò rẹ̀. Yíìsì tó bá gbóná jù ń bí oríṣi ọtí líle kan tó ń ta ni lọ́fun, ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì ń ṣe é. Bó bá ti wọ inú ọtí, fíríìjì kò lè yọ ọ́ mọ́. Nítorí náà, ọjọ́ wọ̀nyẹn ni kí ẹ ná gbogbo omi dídì tí ẹ ní: ẹ gbé korobá sínú agbada omi, ẹ fi aṣọ tútù wé e, kí fáànù máa fẹ́ sí i.

Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Norway ní yíìsì ìbílẹ̀ kan, kveik, tí ooru 30 sí 40 kì í bà jẹ́. Ìyẹn ló ń mú mi ronú sí ẹmu wa. Saccharomyces cerevisiae tó ń mú bíà hó wà nínú ẹmu náà, inú ooru ilẹ̀ wa ló sì ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ọkà bàbà ni mo ń pọn, ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí yíjú sí nígbà tí ìjọba fòfin de báálì ilẹ̀ òkèèrè ní 1988. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu àárọ̀ ni mo fẹ́ dà sínú èyí tó ń bọ̀. Ìlàjì korobá ni n ó rọ, torí mo mọ̀ pé yóò hó.