Táǹkì Ìgbọ̀nsẹ̀ Ilé Wa

Sàngó-Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni mò ń gbé. Ilé iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ níbẹ̀, èrò sì pọ̀ ju ilé lọ. Ìdílé mẹ́wàá ló ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ní ilé wa. Bí òjò bá ti ń rọ̀, táǹkì wa á kún, ẹ̀gbin á sì padà sí àgbàlá.

Àwọn kan ní iye wa ló pọ̀ jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlòkulò ló burú jù. Ẹ gbọ́ bí táǹkì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìgbẹ́ a máa rì sísàlẹ̀, ọ̀rá a máa léfòó, omi àárín nìkan ló yẹ kó ṣàn lọ sí sọkawéè, kí ilẹ̀ fà á mu. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń jẹ ìgbẹ́ tó rì, kí táǹkì má baà tètè kún. Bí ẹ bá da omi díẹ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbẹ́ á gbára jọ bí òkìtì lẹ́nu páìpù. Bí ẹ bá ju àkísà sí i, páìpù á dí. Bí ẹ bá da oògùn apakòkòrò púpọ̀ sí i nítorí òórùn, ẹ ti pa àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kànga wa tí kò jìnnà sí sọkawéè. Ní 1854, àrùn onígbáméjì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àdúgbò Broad Street ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà John Snow tọpa àrùn náà dé ìdí ẹ̀rọ omi kan. Nígbà tí wọ́n wú ilẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé kòtò ìgbẹ́ ilé kan ń jò lọ sínú kànga ẹ̀rọ náà. Nítorí èyí ni a fi ń se omi wa kí a tó mu ún, tí a sì ń bẹ onílé pé kí ó gbẹ́ kànga mìíràn síbi tó jìnnà.

Bí táǹkì bá dí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó sínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀ lè pa á lójú ẹsẹ̀, kí ó sì tún pa ẹni tó bá wọlé lọ gbà á là. Ọkọ̀ tí ń fa ìgbẹ́ ni kí ẹ pè.

Lọ́dún yìí, a ti dá owó ọkọ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, a sì gbé garawa omi sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.