Orin Tí Ó Wà Nínú Ọ̀rọ̀

Létà 25 ni ó wà nínú orin A B D tí àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ń kọ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá: fáwẹ́lì 7 àti kọ́ńsónáǹtì 18. Ohun kékeré kan nínú orin náà kò jẹ́ kí ọkàn balẹ̀. Bí, dí, fí, gí ni àwọn ọmọ ń pe kọ́ńsónáǹtì, ohùn òkè kan náà ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ lè kọ ọ́ láti A dé Y láìṣì ẹyọ kan, kí ó sì dúró níwájú ọ̀rọ̀ bí igbá láìmọ ibi tí yóò gbé ohùn rẹ̀ sí.

Kì í ṣe pé orin kò ran ìwé kíkà lọ́wọ́. Ní 1983, Lynette Bradley àti Peter Bryant tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature, wọ́n sì fi hàn pé àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí etí wọn tètè ń mọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn jọra ni ìwé kíkà máa ń rọ̀ lọ́rùn lẹ́yìn náà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí ni òye ìró, ìyẹn agbára tí ọmọ ní láti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan kí ó sì mọ̀ pé ègé ìró ni ó para pọ̀ di odidi, yálà ó ti mọ létà tàbí kò tíì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń sọ. Bí a bá kó ọ̀nà wọn wá sí kíláàsì Yorùbá láìyẹ̀ ẹ́ wò, orin àjèjì ni a óò máa fi wé létà, a ó sì gbàgbé pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ní orin tirẹ̀ kí olùkọ́ tó dé.

Sílébù ni ègé ọ̀rọ̀ tí ó kéré jù lọ tí a lè dá pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sílébù kọ̀ọ̀kan nínú èdè Yorùbá ni ó sì ní ohùn tirẹ̀: òkè, àárín tàbí ìsàlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ ti ń fi dò, re, mí ṣàlàyé ohùn mẹ́ta yìí, èyí tí wọ́n yá láti inú tonic sol-fa, ìlànà orin kíkọ tí oníwàásù John Curwen tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Igba tí ó jẹ́ òǹkà ń kọ re re, igbá tí a fi ń bu omi ń kọ re mí, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ ń kọ re dò, ìgbá tí a ń jẹ ń kọ dò mí, ìgbà tí ó jẹ́ àkókò sì ń kọ dò dò. Létà mẹ́ta kan náà ni gbogbo wọn. Bí ọmọ bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àtẹ́wọ́ nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi bí ohùn bá tẹ̀ lé e.

Ìrántí kan já wọ ọ̀rọ̀ náà níhìn-ín. Ní agbo ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, yèyé àgbà tí ó tọ́ òǹkọ̀wé àròkọ yìí máa ń pa ẹnu dé lẹ́yìn ààlọ́, á sì máa kùn ohùn ọ̀rọ̀ tí kò pè, kí àwọn ọmọ lè sọ ohun tí ó ń wí. Kò mọ ìwé kà rárá. Bí ó bá kùn re mí, ọmọ kan á ní ulé ni, òmíràn á ní igbá, ẹlòmíràn á ní ọkọ́, gbogbo rẹ̀ ni yèyé sì ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dárúkọ ọkọ̀, yóò mi orí, yóò sì tún un kùn títí etí ọmọ náà yóò fi gbọ́ ibi tí ó ti yà kúrò lọ́nà.

Ulé ni Ìjẹ̀ṣà ń wí nílé, ilé ni ó wà nínú ìwé. Fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ ni ó yàtọ̀, re mí ni méjèèjì, nítorí náà orin ọ̀rọ̀ yìí kò ní í ṣe àjèjì sí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé Yorùbá inú ìwé. Síbẹ̀, eré yèyé fi ohun tí ó jinlẹ̀ ju èyí hàn. Ohùn nìkan kò tó, nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wọ inú re mí ẹyọ kan, ìdí sì nìyí tí onígángan, tí ń fi ìlù sọ̀rọ̀, fi máa ń lo oríkì àti òwe tí àwọn ènìyàn ti mọ̀, kí etí má baà ṣì í gbọ́. Gángan mú ohùn, ó fi kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì sílẹ̀ fún olùgbọ́. Létà tí kò ní àmì lórí mú kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì, ó fi ohùn sílẹ̀ fún òǹkàwé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí àwọn òbí ń kọ ránṣẹ́ lórí fóònù ṣe rí. Ẹni tí ń kà wọ́n ní láti wá orin tí a kò kọ sílẹ̀, ọmọ tí etí rẹ̀ kò sì tíì mọ orin náà yóò pe gbogbo létà tán láìgbọ́ ohun tí ó kà.

Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́ fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìyẹn dáhùn ìbéèrè nípa èdè tí ó yẹ kí a fi kọ́ ọmọ. Ìbéèrè nípa ohun tí ó yẹ kí etí rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ó dunni pé ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ó di kíláàsì òkè kí a tó kọ́ ọmọ ní àmì ohùn, gẹ́gẹ́ bí òfin gírámà, lẹ́yìn tí ó ti fi ọdún púpọ̀ kàwé bí ẹni pé ọ̀ṣọ́ lásán ni ohùn. Kíkùn ni ó yẹ kí ó ṣáájú: kí olùkọ́ kùn re mí, kí àwọn ọmọ fi ẹnu ara wọn kó ilé, igbá àti ọkọ́ jọ, kí ó tó wá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú pátákó pẹ̀lú àmì òkè lórí sílébù kejì. Ní ọjọ́ kejì, re dò ni yóò kàn, igbà àti ọkọ̀ yóò sì wọ ibẹ̀, kí ọmọ lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé àwọn létà tí ó kà lánàá kò yí padà, àmì orí wọn ni ó yí padà.