Iná Ọ̀kadà Lẹ́yìn Ìrun Ìṣáì

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe nahwu tàbí sarufu tí ẹ mọ̀ mí mọ́. Ọ̀rọ̀ iná alùpùpù ni. Kí ló kan àfáà níbẹ̀? Ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ ọmọ kéú wa ń gùn délé lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, láti Ṣàgámù sí Ìkẹ́nnẹ́, Ìlíṣàn àti Ìperu.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà àwọn ọlọ́kadà. Iná tó ń bá alùpùpù wọn wá kò tó nǹkan. Gílóòbù 35 wáàtì ló wà lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ti mọ́tò ń tó 55. Lára àwọn mìíràn, ẹ́ńjìnnì gan-an ni iná iwájú ti ń gba agbára, kì í ṣe bátìrì. Bí ẹni tó gùn ún bá dẹwọ́ nítorí kòtò, iná náà á pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Ìgbà tó yẹ kó ríran jù ni ojú rẹ̀ ń ṣú.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan á ki gílóòbù mọ́tò bọ̀ ọ́; wáyà á gbóná, bátìrì kò ní í kún. Ṣùgbọ́n LED funfun ló gbòde báyìí. Kì í jẹ agbára púpọ̀, ó sì mọ́lẹ̀ kedere. Àbùkù rẹ̀ ni pé ojú ibi tí okùn gílóòbù wà ni wọ́n ṣe díńgí inú iná àtijọ́ fún. Bí a bá ki LED sínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà sábà máa ń fọ́n káàkiri, á sì ta sójú ẹni tó ń bọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní Kùránì, tó ń fi ọ̀kadà jẹun, fi irú rẹ̀ sí tirẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìmọ́lẹ̀ náà bo ìyá kan tó ń ti ọjà obì bọ̀ lójú, ìyá náà já sí gọ́tà, ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Nígbà tí mo bá a sọ ọ́, ó ní, "Àfáà, ẹ má bínú, bí mi ò bá rí ọ̀nà, ta ni yóò bá mi rí i?" Kì í ṣe àrífín, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ojú ìyá yẹn náà fẹ́ ríran. Ànábì wa kọ́ wa pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́. Mo ní ìmọ́lẹ̀ náà lè di ẹ̀gún.

A gbé ọ̀kadà náà síwájú ògiri ilé-kéú, ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 25. A fi ẹfun fa ìlà sára ògiri níbi tí gíga iná rẹ̀ mọ. Bí a bá rẹ iná náà sílẹ̀, abẹ́ ìlà yẹn ló yẹ kó wà. Nígbà tí òun nìkan jókòó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára. Mo ní kí ọmọ kéú méjì gùn ún lẹ́yìn. (Èrò kan ló yẹ kó gbé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.) Ẹ̀yìn rọlẹ̀, iwájú gbérí, iná wá ń wo páànù òrùlé wa! Ó bọ́ LED kúrò, ó fi gílóòbù tó bá díńgí mu síbẹ̀, a sì tẹ orí iná wálẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ náà lórí rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni iná ẹ̀yìn. Ní 2009 tí òfin akoto múná, àwọn kan dé igbá sórí kí wọ́n má baà mú wọn. Ọ̀rọ̀ iná kò gba irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ní Màlésíà, láti 1992 ni ìjọba ti pa á láṣẹ pé kí alùpùpù máa tan iná iwájú lọ́sàn-án gangan, kí ọlọ́kọ̀ lè tètè rí wọn, àwọn olùwádìí sì rí i pé jàǹbá dínkù. Tiwa ń rìn lóru níwájú tírélà láìní iná lẹ́yìn. Téèpù pupa tó ń dán bí iná mọ́tò bá bà á, irú èyí tó wà lára tírélà, kò gba wáyà, kò gba bátìrì. Ọmọ náà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ akoto pẹ̀lú.

Ìlà ẹfun náà ṣì wà lára ògiri. Àwọn ọlọ́kadà mìíràn ti ń wá síbẹ̀, wọ́n ń yá ọmọ kéú tí yóò jókòó sẹ́yìn. Mo ti kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ yá èyí tí kò tíì ka wàláà rẹ̀ tán.