Kí Ló Pa Ojú Pọ̀ Mọ́ Kíndìnrín?

Tí ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Ojú àbúrò ìyá mi ń ṣe bàìbàì. Ó ti pààrọ̀ gíláàsì lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Dókítà ojú kán oògùn sí i kí ọmọlójú rẹ̀ lè fẹ̀, ó tan iná wo ẹ̀yìn ojú, ló bá ní, "Mọ́mì, ẹ lọ yẹ ìtọ̀ yín wò." Inú bí wọn. Wọ́n ní ojú làwọn gbé wá, àwọn ò gbé ìtọ̀ wá!

Dókítà ò ṣì í sọ. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ojú tín-ín-rín ju irun orí lọ. Irú wọn náà ló wà nínú kíndìnrín, níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí a ṣe ń sẹ́ ògì. Asẹ́ kéékèèké tó wà nínú kíndìnrín kan tó mílíọ̀nù kan. Tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún pípẹ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń ru ṣáá, àwọn iṣan yìí á bàjẹ́, wọ́n á máa jò. Bí wọ́n bá jò lẹ́yìn ojú, ìríran á dínkù. Bí wọ́n bá jò ní kíndìnrín, purotéènì tó yẹ kó dúró sára á bá ìtọ̀ lọ. Ìtọ̀ náà lè máa hó bí omi ọṣẹ.

Kíndìnrín kì í tètè ké. Ó lè bàjẹ́ kọjá ìdajì láìdunni rárá. Ojú ni dókítà ti lè rí iṣan ẹ̀jẹ̀ kòrókòró láìla ara, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé "ojú àgbà ni" kí ẹnikẹ́ni tó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Wọ́n bá purotéènì nínú ìtọ̀ àbúrò ìyá mi. Wọ́n yí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn padà, wọ́n sì ní kí wọ́n jáwọ́ nínú diclofenac àti ibuprofen tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ fún orúnkún, nítorí ó ń pa kíndìnrín lára. Èyí gan-an ló dùn wọ́n jù.

Lọ́dọọdún, ẹ ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú yín, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò fún purotéènì, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún creatinine. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ẹ mú ọmọ kan dání, torí oògùn tí wọ́n ń kán yẹn máa ń jẹ́ kí ojú ṣú fún wákàtí díẹ̀.