Bí Wọ́n Bá Gbá Ọkọ̀ Yín Nídìí, Ẹ Má Parí Ọ̀rọ̀ Lójú Títì

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fojú di í. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Bí ọkọ̀ méjì bá forí sọ ara wọn tí ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn, gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé. A ó gbé àwọn tí ó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn, ọlọ́pàá yóò dé, wọn yóò sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ kan bá kàn gbá òmíràn nídìí, tí iná ẹ̀yìn fọ́, tí irin ẹ̀yìn wọnú díẹ̀, ohun tí a máa ń sọ kò ju mẹ́ta lọ: “Ẹ dúpẹ́, ẹ̀mí kò bọ́.” “Ẹ forí jì í, ó ti bẹ̀bẹ̀.” “Ẹ jẹ́ kí á máa lọ, ilẹ̀ ń ṣú.” Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó dára, kò sí ọmọlúwàbí tí yóò bú ẹni tí ó sọ wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí á mọ̀ ni pé wọn kò tó. Ìdáríjì lè parí lójú títì. Àtúnṣe kì í parí níbẹ̀.

Ní ti àwa tí a ń gbé etí omi ní Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìkánjú tiwa tún pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Igbókọ̀dá ni ọ̀nà mọ́tò ti ń pàdé omi. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Ayétòrò yóò wọ mọ́tò láti Okìtìpupa dé Igbókọ̀dá, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí mọ́tò bá pẹ́, ọkọ̀ omi lè ti lọ, èrò náà yóò sì wá ibi tí yóò sùn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú títì, a kì í fẹ́ dúró gbọ́ àlàyé.

Ní oṣù Keje ọdún 2023, mo wọ ọkọ̀ akérò kan ní Okìtìpupa, mo ń padà sí Igbókọ̀dá níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ìyá kan tí ń ta ẹja gbígbẹ àti edé jókòó ní àárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ti ta ọjà rẹ̀ tán, agbọ̀n òfìfo ni ó gbé lé itan. Awakọ̀ wa rí ihò kan tí omi kún, ó tẹ bíréèkì. Àfi gbàù! Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ń sáré bọ̀ lẹ́yìn ti gbá wa nídìí. Orí gbogbo wa lọ sẹ́yìn, ó sì tún ta padà síwájú.

A sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde lára ẹnikẹ́ni. Iná ẹ̀yìn méjèèjì ti fọ́, ìdérí búùtù ti ká sókè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ṣì ń rìn. Ọmọkùnrin tí ó wa ọkọ̀ akẹ́rù náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. Bàbá àgbà kan tí ó wà nínú ọkọ̀ wa bá a bẹ awakọ̀ wa. Ọmọkùnrin náà tú àpò, ó kó N10,000 sílẹ̀, awakọ̀ wa sì gbà á. Wọ́n bi ìyá ẹlẹ́ja bóyá nǹkan ṣe é. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, “Kò sí o, ẹ̀rù ni ó kàn bà mí.”

Kí a tó wọ ọkọ̀ padà, mo fa ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ mi yọ nínú báàgì, mo kọ nọ́ńbà ọkọ̀ akẹ́rù náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ awakọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti aago tí ó ṣẹlẹ̀. Mo ya fọ́tò ẹ̀yìn ọkọ̀ wa àti iwájú ọkọ̀ tirẹ̀, mo sì ya ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú èrò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ pe orúkọ kíláàsì ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ ìyá ẹlẹ́ja wá kan ilẹ̀kùn mi. Màmá rẹ̀ kò lè yí ọrùn mọ́. Bí ó bá fẹ́ wo ẹni tí ń pè é, gbogbo ara ni ó ń yí pọ̀. Ó ti gbìyànjú láti gbé agbọ̀n ẹja kan karí, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú igbe. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òwò ẹja mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Obìnrin tí kò lè ru ẹrù láti etí omi dé ibi tí mọ́tò wà, owó alárù ni yóò jẹ èrè rẹ̀ tán.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Dókítà tí ó rí i kò yà lẹ́nu rárá. Ó ṣàlàyé fún wa pé bí wọ́n bá gbá ọkọ̀ nídìí, ìjókòó a ti ara síwájú lójijì, ṣùgbọ́n orí a kù sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni yóò wá ta síwájú bí ẹgba tí a jù. Àwọn iṣan ọrùn a fà ju bí ó ti yẹ lọ. Ìrora rẹ̀ lè má bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó lè di wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ kejì kí ó tó dé. Ìjókòó tèmi ní ìgbórílé, òun ni ó dá orí mi dúró. Ìjókòó àárín tí ìyá wà kò ní.

Dókítà fún un ní oògùn ìrora. Ó kìlọ̀ fún un pé kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ọrùn náà tàbí kí ó lọ́ ọ. Ó ní kí ó má sì dùbúlẹ̀ láìmira. Kí ó máa rọra yí i díẹ̀díẹ̀ bí ìrora ti ń dín kù, kí ó má sì ru ẹrù lórí títí yóò fi sàn. Ó ní bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ń kú, tàbí tí kò bá lágbára mọ́, tàbí tí orí bá ń fọ́ gidigidi, tí ènìyàn ń bì tàbí tí oorun tí kò nídìí ń gbé e lọ, kí a má dúró de ilẹ̀ mọ́ o, kí a gbé e padà wá kíákíá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá fi wà nílé. Ní ti awakọ̀ wa, mẹkáníìkì tí ó tú ẹ̀yìn ọkọ̀ náà wò sọ fún un pé irin tí ó gbé búùtù dúró ti wọ́, owó àtúnṣe rẹ̀ sì ju N10,000 lọ lọ́nà púpọ̀. Ni àwa mẹ́ta bá mú nọ́ńbà inú ìwé mi, a lọ sí gáréèjì, àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ sì bá wa wá ẹni tí ó ni ọkọ̀ akẹ́rù náà rí.

Bàbá àgbà ọjọ́sí gbọ́, ó wá bá mi nílé. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, “Tíṣà, a ti parí ọ̀rọ̀ yìí. Ní etí omi wa níbí, ẹni tí ó ṣẹ̀ ọ́ lónìí ni yóò na ọwọ́ fà ọ́ jáde nínú odò lọ́la. Ẹni tí a ti forí jì, a kì í tún pè é lẹ́jọ́.”

Òótọ́ ni bàbá sọ, n kò sì já a níyàn. Mo dá a lóhùn pé, “Bàbá, a ti forí jì í, kò sì sí ìbínú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kan wà tí olówó ọkọ̀ ti san sílẹ̀ nítorí irú ọjọ́ yìí. Kí ni ó dé tí ìyá yóò fi jìyà tí owó náà yóò sì wà níbi tí ó wà?”

Ẹ̀yin ará, ìnṣọ́ránsì yìí kò ṣòro láti yé ni. Ó dà bí àjọ tí gbogbo olówó ọkọ̀ ń dá, ṣùgbọ́n ẹni tí aburú bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá ni wọ́n ń fi ṣe ẹ̀tọ́ fún ẹni tí ó fara gbá a. Ẹni tí nǹkan kan kò bá ṣe kò ní kó owó kankan, kí ó sì dúpẹ́. Láti ọdún 1945, láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023, àjọ ìjọba tí ń mójú tó o, NAICOM, sọ owó ọdún kan fún mọ́tò àdáni di N15,000, ó sì lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà fún dúkìá ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá bà jẹ́. Ti alùpùpù jẹ́ N3,000, ó sì lè san tó mílíọ̀nù 1 náírà. Ó kan ẹni tí ó fara pa pẹ̀lú, kì í ṣe irin nìkan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé yìí wò káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwé tí a fi ń la ọlọ́pàá kọjá ni. Ẹ̀tọ́ ẹni tí a gbá ni.

Ìwé ọkọ̀ akẹ́rù náà pé. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì béèrè fọ́tò, ìwé ọlọ́pàá àti ìwé iye owó tí mẹkáníìkì kọ. Wọ́n fà á títí, a lọ, a bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n san owó àtúnṣe ọkọ̀. Olówó ọkọ̀ akẹ́rù fúnra rẹ̀ rí rìsíìtì ilé ìwòsàn, ó sì san án fún ìyá láìjanpata. Ohun kan ṣoṣo tí kò padà ni èrè ọjà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá kò ní ìwé kankan tí ó fi iye tí ó ń tà hàn, kò sì sí ẹni tí ó lè ṣírò rẹ̀ fún un. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ máa kọ ọjà yín sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ inú ìwé àwọn ọmọ yín.

Nítorí náà, bí irú èyí bá bá yín, ẹ kọ́kọ́ yẹ ara yín wò, kí ẹ sì kúrò ní ojú ọ̀nà kí òmíràn má baà gbá yín. Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa, ẹ pe àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988. Nọ́ńbà wọn ni 122. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ àti fóònù sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí títí dókítà yóò fi wo ara yín tí mẹkáníìkì yóò sì wo ọkọ̀. Rìsíìtì, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ẹ tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ lẹ́yìn ẹlòmíràn, ẹ fi àyè sílẹ̀. Bí ọkọ̀ iwájú bá kọjá lára igi kan, ẹ rọra ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Bí ẹ bá dé ibi igi náà kí ẹ tó kà á tán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Bí òjò bá rọ̀, ẹ ka mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí á máa forí ji ara wa. Ìwà wa ni, kí Ọlọ́run má sì gbà á lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bẹ̀bẹ̀ lójú títì, kí ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lọ. Ẹ̀bẹ̀ tí ó mọ́ kì í sá fún àkọsílẹ̀.